Sípíkà Ni Ara Ìlù Oníná

Onílù jókòó sẹ́yìn ìlù oníná, ó fi hẹ́dífóònù bo etí méjèèjì. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ páàdì ìsàlẹ̀, ohùn tó gbọ́ wọ̀ ọ́ dé àyà. Ó na sínẹ́ẹ̀, ó ta bí ẹgba. Ó kan kímbálì, ó ń dún ṣáá títí tó fi rọra kú. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá yọ hẹ́dífóònù, ó so ìlù náà mọ́ sípíkà tó wà nínú gbọ̀ngàn, ó tún lu àwọn páàdì kan náà. Ìlù ẹsẹ̀ ń ṣe pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń gbá páálí. Kímbálì ń ṣe ṣíì bí omi tó kán sínú epo gbígbóná. Àwọn tó jókòó níwájú ń di etí, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bèèrè bóyá ìlù ti bẹ̀rẹ̀. Ìlù kò yí padà, ọwọ́ onílù kò yí padà. Kí ló sọnù lójú ọ̀nà?

Ìbéèrè tí àwọn onílù ń bi ara wọn láti Èkó dé Kútọnu, láti Ìbàdàn dé Lomé nìyí. Bí ó bá dé Agbonou, ní ìsàlẹ̀ òkè Atakpamé nílẹ̀ Tógò, ìdáhùn rẹ̀ kò ní yàtọ̀, nítorí òfin tí ohùn ń tẹ̀ lé kò mọ ẹnubodè. Ohun tó lè yàtọ̀ ni ilé tí ohùn ń wọ̀, iná tó ń gbé e, àti orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́. Sípíkà tí ará Ìbàdàn mọ̀, báfù ni lẹ́nu ará Tógò; àpapọ̀ mísà, ańpílífáyà àti sípíkà ni wọ́n sì ń pè ní sonó, látinú èdè Faransé.

Agbonou kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń mú nǹkan rìn jìnnà. Ní 1911 ni ojú irin tí àwọn Jámánì ń tẹ́ láti Lomé dé ibẹ̀. Ní ìtòsí, ní Kamina, ni ilé iṣẹ́ Telefunken kọ́ ibùdó rédíò ńlá kan sí, èyí tí wọ́n fi ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀nà tó ju 5,000 kìlómítà lọ. Ibùdó náà kò pẹ́ láyé: ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1914, bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti ń sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì tó kọ́ ọ náà ló bà á jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn.

Àwọn Ifẹ̀ tó ni Atakpamé, tí ìtàn wọn tọ ipasẹ̀ padà sí Ilé-Ifẹ̀, ní ijó kan tó ń jẹ́ Tchébé, èyí tí àwọn oníjó máa ń gun igi gíga jó. Oníjó wà lókè, onílù wà nílẹ̀, síbẹ̀ ohùn ìlù ń bá a lókè níbẹ̀ láìsí wáyà, láìsí iná. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, nítorí ìlù igi gbé ara rẹ̀ wá. Ẹni tó gbẹ́ ìyáàlù dùndún ti yan igi, ó ti yọ inú rẹ̀, ó ti na awọ, ó ti ta ọsán. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú igi yẹn, òun ló ń sọ gbígbá kọ̀ǹgọ́ di ohùn. Ìlù oníná kò ní inú. Bí iná bá kú, ohun tó kù kò ju rọ́bà tí wọ́n ń fi igi gbá lọ.

Ohun tí àwọn tó ń ra ìlù oníná kì í tètè mọ̀ nìyẹn: wọn kò tíì ra ìlù tán. Àyè ọwọ́ ni wọ́n rà, àti ọpọlọ. Sípíkà ni ara tó kù.

Bí èèyàn bá tú páàdì kan wò, yóò rí i kedere. Lábẹ́ rọ́bà tàbí lábẹ́ awọ tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe, abala idẹ pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, tí kò ju owó ẹyọ lọ ní fífẹ̀. Wọ́n lẹ nǹkan funfun kan tó dà bí tanganran mọ́ àárín rẹ̀, wáyà tín-ín-rín méjì, pupa àti dúdú, sì jáde lára rẹ̀. Piezo ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti gbọ̀n ọ́n jìgì, á tu iná díẹ̀ jáde. Bí gbígbọ̀n bá ṣe le tó ni iná náà ṣe ń pọ̀ tó. Nínú èyí tó ní awọ àwọ̀n, fóòmù kékeré kan tó rí ṣóńṣó ló dúró láàárín awọ àti idẹ yẹn láti gbé gbígbọ̀n náà fún un. Ìdí nìyẹn tí gbígbá àárín gbùngbùn fi máa ń dún ju gbígbá ẹ̀gbẹ́ lọ lára àwọn kan. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ onílù. Ibi tí fóòmù wà ló gbá.

Iná kékeré yẹn ló ń gba wáyà lọ sínú àpótí tí wọ́n ń pè ní module. Àpótí náà á wo bí ó ti le tó, á fún un ní nọ́ńbà láti 1 dé 127 gẹ́gẹ́ bí àdéhùn MIDI tí àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ orin fẹnu kò lé lórí ní 1983, á sì mú ohùn tó bá nọ́ńbà yẹn mu jáde. Ìlù gidi tí ẹlòmíràn ti lù sílẹ̀ ní situdíò ni ohùn náà, tàbí èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ hun. Nítorí náà, ìlù oníná jọ kásẹ́ẹ̀tì tí a ń fi ọ̀pá gbá ju kó jọ dùndún lọ. Ohùn tó dára ti wà nínú rẹ̀ kí onílù tó jókòó. Iṣẹ́ tó kù ni kí ohùn náà jáde láìdíbàjẹ́.

Ìtàn ìlù yìí kò gùn. Ní 1981 ni ilé iṣẹ́ Simmons, ní ìlú St Albans nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé SDS-V jáde, pẹ̀lú páàdì onígun mẹ́fà tí gbogbo ayé mọ̀ ní àwọn ọdún yẹn. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe apata ọlọ́pàá ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ó sì le débi pé ọrùn ọwọ́ máa ń ro àwọn onílù. Ọ̀rọ̀ yẹn túbọ̀ rọjú ní 1997, nígbà tí Roland ti ilẹ̀ Japan mú awọ àwọ̀n wá pẹ̀lú TD-10. Ilé iṣẹ́ Roland kan náà ló ti kọ́kọ́ ṣe TR-808 ní 1980, àpótí tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnì kankan gbá a. Nǹkan bí 12,000 péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1983, ṣùgbọ́n báàsì rẹ̀ tó máa ń gùn tó sì máa ń jìn ṣì wà nínú orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí lónìí.

Nílẹ̀ wa náà, àwọn kan tètè rí ohun tó wà níbẹ̀. William Onyeabor, ní Enugu, ń fi ẹ̀rọ ìlù àti sintisáísà ṣe àwo láti òpin àwọn ọdún 1970. Tony Allen, ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé Afrobeat dúró, pe àwo kan tó ṣe ní àárín àwọn ọdún 1980 ní N.E.P.A., orúkọ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Nàìjíríà nígbà yẹn. Kò sí onílù oníná kan tí kò mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ.

Ká wá sí ọ̀dọ̀ sípíkà gan-an.

Etí ọmọ èèyàn ń gbọ́ ohùn láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ orin ń gbé ní apá kan pàtó nínú ìwọ̀n yìí. Ti ìlù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí 50 sí 80 Hz, kímbálì sì ń gun òkè kọjá 10,000 Hz. Ìlù odindi kan gba gbogbo ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dókè, nínú ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí sípíkà kò bá lè ṣe ìpẹ̀kun méjèèjì, ohun tó kù láàárín ni páálí àti agolo tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ yẹn.

Nítorí èyí ni sípíkà gìtá kò fi ṣe é lò rárá. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa dákẹ́ lókè nǹkan bí 5,000 Hz ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gìtá ṣe ń dùn. Bí onílù bá so ìlù oníná mọ́ ọn, kímbálì á di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ti báàsì gìtá gbé ìsàlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ òkè. Ti kíbọ́ọ̀dù sàn ju méjèèjì lọ, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù náà ní láti gbé ohùn oríṣiríṣi. Àwọn tó ń ṣe ìlù oníná ń ta sípíkà tiwọn pẹ̀lú, ó sì dára nínú yàrá, fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ kékeré tó ń dánrawò. Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn tí igba èèyàn jókòó sí, sípíkà gbọ̀ngàn gidi ló lè ṣe é: èyí tó ní wúfà oníwọ̀n íǹṣì 12 tàbí 15 tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, àti ìwo twítà lókè tó ń gbé ohùn òkè, tó bá ṣeé ṣe pẹ̀lú àpótí báàsì oníwọ̀n íǹṣì 18 lọ́tọ̀, kí ìlù ẹsẹ̀ lè ní ilé tirẹ̀. Bí owó kò bá ká àpótí báàsì, wúfà íǹṣì 15 ló yẹ ní yíyàn ju 12 lọ fún ìlù.

Ìlù tún ní ìwà kan tí fóònù tàbí CD kì í fi hàn. Ohùn rẹ̀ máa ń fò sókè lójijì, á sì wálẹ̀ lójijì. Bí sínẹ́ẹ̀ bá ta, agbára tó ń béèrè lọ́wọ́ ańpílífáyà lásìkò yẹn gan-an lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ń lò ní gbogbo àárín ìlù kan sí èkejì, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ańpílífáyà tó ń ṣe dáadáa pẹ̀lú orin fóònù lè tipa báyìí daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìlù. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán, á gé orí ìgbì ohùn kúrò, ohùn á máa ya, twítà á sì gbóná títí á fi jó. Ọ̀pọ̀ rò pé àpọ̀jù agbára ló ń jó twítà. Ańpílífáyà kékeré tí wọ́n fi tipátipá yí débi tí kò lè dé máa ń jó o pẹ̀lú.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù lọ nìyí. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí sípíkà pé 5,000 watts tàbí 10,000 watts, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju ti àpótí bisikí lọ. Bí èèyàn bá wò ó dáadáa, yóò rí lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n kọ kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: PMPO. Kò sí òfin ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí fún PMPO; ẹni tó bá ṣe é lè kọ ohun tó bá wù ú. Lẹ́tà tó yẹ kí olùrà máa wá ni RMS, agbára tí ańpílífáyà lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró. Kódà RMS náà ní ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa rẹ̀: bí wọ́n bá sọ agbára di ìlọ́po méjì, ohùn kò lé ju 3 dB lọ (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ké tó), etí kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó gbà tó 10 dB, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá agbára. Ṣọ́ọ̀ṣì tó kúrò lórí 300 watts bọ́ sórí 600 kò tíì ṣe nǹkan ńlá. Ohun tó ń mú sípíkà ké dáadáa ni bó ti ń sọ agbára di ohùn, iye dB tí wọ́n kọ pé ó ń gbé jáde bí wọ́n bá fún un ní watt kan ní ìwọ̀n mítà kan. Sípíkà 98 dB á ké bákan náà pẹ̀lú sípíkà 88 dB bí wọ́n bá tiẹ̀ fún un ní ìdámẹ́wàá agbára náà péré. Ìlà kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yẹn ń gbà nínú ìwé tó bá sípíkà wá, ìlà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sì ni.

Wáyà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Module ní ihò méjì tí ohùn ń gbà jáde, apá òsì àti apá ọ̀tún. Bí gbọ̀ngàn bá ní sípíkà kan péré, tàbí tí méjèèjì ń sọ ohun kan náà, ihò tí wọ́n kọ L/MONO sí nìkan ni kí wọ́n fi wáyà sí, kí module lè da òsì àti ọ̀tún pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú ọ̀tún nìkan, apá kan àwọn tọ́ọ̀mù á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù, onílù á sì máa gbá páàdì kan kíkankíkan títí yóò fi fọ́.

Bí mísà bá wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí wáyà gùn ju nǹkan bí mítà mẹ́fà lọ, ó yẹ kí àpótí DI wà láàárín. Iṣẹ́ àpótí náà kò ṣòro lóye. Wáyà gìtá lásán ní okùn kan àti ìbòrí rẹ̀. Ariwo iná tó wà nítòsí ń wọ̀ ọ́, ó sì ń bá ohùn dé mísà: hùùùù. Àpótí DI ń pín ohùn sí okùn méjì tí ọ̀kan ń lọ sókè nígbà tí èkejì ń lọ sílẹ̀. Ariwo tó bá wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà á wọ okùn méjèèjì bákan náà. Nígbà tí mísà bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn á kù. Bí hùùùù kò bá lọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ iná (earth) module àti ilẹ̀ iná mísà máa pàdé ní ọ̀nà méjì. Kí wọ́n ti bọ́tìnì ìgbé-ilẹ̀ lára àpótí DI, tàbí kí wọ́n fa iná méjèèjì láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta lára púlọ́ọ̀gì kí ariwo lè dákẹ́. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ṣeré. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ iná bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Ti Bluetooth kò gba àlàyé púpọ̀. Ó sábà máa ń dá ohùn dúró ju ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó jáde, ohùn sì ń rìn tó mítà 34 láàárín àkókò yẹn. Bí ẹni ń lu ìlù níhìn-ín tó ń gbọ́ ọ láti ojúlé karùn-ún ni. Wáyà ni ìlù ń fẹ́.

Ní ti yíyí bọ́tìnì, àṣà tó gbòde ni kí wọ́n rẹ module sílẹ̀, kí wọ́n wá yí mísà dé òpin. Òdìkejì ló tọ́. Module ni kó wà lókè, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí onílù lu èyí tó le jù tó lè lù, kí ẹni tó wà nídìí mísà wá gbé gain, bọ́tìnì tó ń pinnu bí ohùn tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, sókè títí iná pupa yóò fi fẹ́ tàn, kó sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lè sọ pé ohùn kò dára.

Ó sì ṣeé ṣe kó má dára lóòótọ́, nítorí pé àwọn tó ṣe module ṣètò ohùn inú rẹ̀ fún hẹ́dífóònù. Wọ́n ti fi ìró gbọ̀ngàn ńlá sí i lára, kó lè dùn létí ẹni tó dá jókòó sí yàrá. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé gbọ̀ngàn ayédèrú yẹn sínú gbọ̀ngàn gidi tí ògiri rẹ̀ jẹ́ símẹ́ńtì, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Ìlù kan á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀mẹ́rin, kí èkejì tó bọ́ sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onílù ṣe nìyí: kó pa ìró yẹn rẹ́ nínú module, kó yan ìlù tó gbẹ, kó gé gígùn tọ́ọ̀mù àti kímbálì kù. Ilé náà yóò fi ìró tirẹ̀ kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ikualáísà kàn, èyí tí wọ́n fi ń gé apá kan ohùn kù tàbí fi kún un. Ohùn páálí tí gbogbo èèyàn ń ráhùn sí sábà máa ń gbé ní nǹkan bí 300 sí 400 Hz. Gígé ibẹ̀ díẹ̀ ń ṣe ju fífi báàsì kún báàsì lọ. Báàsì tí wọ́n fi tipátipá kún sípíkà tí kò lè gbé e, wúfà nìkan ni yóò mì, ohùn kò ní jáde.

Ibi tí wọ́n gbé sípíkà sí náà ń sọ̀rọ̀. Sípíkà tó wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ àti aṣọ ìlà àkọ́kọ́ ló ń gbé kímbálì mì. Kí wọ́n gbé e sókè orí, kí ìwo twítà rẹ̀ rí àwọn tó wà lẹ́yìn. Àpótí báàsì lè wà nílẹ̀, bó bá sì sún mọ́ ògiri tàbí igun ilé, yóò ké sí i láìfi watt kan kún un. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yí gbogbo nǹkan po. Ní ìta gbangba, níbi tí kò sí ògiri tó ń dá ohùn padà, ìgbàkígbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, 6 dB ti lọ, èyí tó jẹ́ pé ohun tó dún dáadáa ní mítà márùn-ún á ti rẹlẹ̀ gan-an ní ogójì mítà. Òjò tó bá ń rọ̀ sórí páànù tí kò ní síìlì, kò sí sípíkà tó lè bá a du ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò ohùn lálẹ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn òfìfo, kó rántí pé aṣọ àti ara èèyàn tó máa kún ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú á mu kímbálì, kò sì ní mu báàsì tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà rò fún onílù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lu ìlù igi ń gbọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ń lu ìlù oníná, bí gbogbo sípíkà bá dojú kọ ìjọ, rọ́bà nìkan ló ń gbọ́. Á máa fi agbára gbá a, á sáré ju akọrin lọ, wọn á sì sọ pé kò mọ̀ ọ́n lù. Sípíkà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí hẹ́dífóònù, kì í ṣe afẹ́.

Kì í ṣe òní ni sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í yí orin Yorùbá padà. Ní 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú ní Èkó. Christopher Waterman, tó kọ ìwé lórí jùjú ní 1990, ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè tó dé nígbà yẹn ló fún ìlù láyè, nítorí ohùn akọrin àti gìtá lè wá bá ìlù dọ́gba láìjẹ́ pé wọ́n ń pariwo. Láìsí sípíkà, jùjú tó ní gángan nínú kì bá tí rọrùn. Ìlù wọlé nítorí pé sípíkà gba ohùn là. Ti ìlù oníná tún gba ọ̀nà mìíràn: ìlù fúnra rẹ̀ ló sá di sípíkà.

Ǹjẹ́ ó lè gba ipò dùndún bí? Fún Tchébé, fún oríkì, fún ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ, rárá. Ìyáàlù ń fi ọsán tí wọ́n fún mọ́ra àti èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ gbé ohùn sókè sódò láàárín gbígbá kan ṣoṣo, ohùn yẹn sì ni ohùn èdè. Páàdì mọ líle àti rírọ̀ gbígbá. Kò mọ apá tó ń fún ọsán. Wọ́n lè gba ohùn gángan sílẹ̀ sínú páàdì, àwọn kan sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà ni yóò máa tún sọ, kò lè dá ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé mọ̀ kó kì í. Ibi tí ìlù oníná ti wúlò ni ibi tí ìlù òyìnbó tí kò lo iná ti ké jù fún ilé: gbọ̀ngàn kékeré, ilé àjà, ibi tí aládùúgbò wà nítòsí, àkókò ìdánrawò lóru. Ìdájọ́ tó tọ́ ni pé kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí máìkì gbé dùndún, kí DI gbé oníná, kí ẹni tó wà nídìí mísà mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀.

Onílù wa kì í ṣe òpè nínú gbogbo èyí. Ẹni tó ń lẹ ida mọ́ ojú gúdúgúdú, tó ń gbé etí sí i, tó ń yọ díẹ̀, tó ń fi díẹ̀ kún un, ikualáísà ló ń yí. Etí yẹn náà ló yẹ kó dìde lẹ́yìn ìlù oníná, kó rìn lọ sí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn nígbà tí ẹlòmíràn ń bá a gbá páàdì, kó gbọ́ ohun tí ìjọ ń gbọ́.

Iná kò ṣeé yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Agbègbè Atakpamé kò jìnnà sí ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí wọ́n ṣí ní 1987, tó lè pèsè 65 megawatt tí Tógò àti Benin jọ ń pín. Àmọ́ iná tó ń lọ sókè sódò lè pa module, ó sì lè mú un gbàgbé ètò tí onílù ti ṣe. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná máa ń ta iná sókè kó tó fara balẹ̀. Kí module àti mísà wà lórí UPS tàbí sitabiláísà, kí wọ́n tan sípíkà kẹ́yìn, kí wọ́n pa á ṣáájú, kí gbàù tó máa ń jáde lára ẹ̀rọ má bàa fọ́ wúfà.

Nítorí pé ìlù oníná ní bọ́tìnì ohùn, kò sí àwáwí fún ìlù tó ń dí ni létí. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ pé ohùn ní ibi ìgbafẹ́ orin kò gbọdọ̀ kọjá 100 dB ní ìpíndọ́gba. Fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn lè wọn ohùn dé ìwọ̀n tó tó fi mọ ibi tí nǹkan dé. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìlà iwájú, níbi tí àwọn ọmọdé sábà máa ń jókòó.

Ẹ̀yin alàgbà ìjọ àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ orin tó ń kó owó jọ fún ìlù oníná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín owó náà sí méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ fi ìdajì ra ìlù, ẹ fi ìdajì ra sípíkà, wáyà àti àpótí DI. Ẹ má sì sanwó fún sípíkà kankan tí ẹ kò tíì so ìlù mọ́, kí onílù yín gbá a níṣojú yín, kí ẹ sì ti rìn dé ẹ̀yìn ilé ìtajà náà kí ẹ gbọ́ ọ.